Iwin Mẹ́rin, Ìwà Mẹ́rin

Masaya Nakamura, ọ̀gá pátápátá ilé iṣẹ́ Namco ní Tokyo, fẹ́ kí gbogbo iwin inú géèmù tuntun náà pupa. Pupa nìkan, kò fẹ́ àwọ̀ mìíràn. Toru Iwatani, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń darí iṣẹ́ náà, kò bá ọ̀gá jiyàn. Ńṣe ló lọ bi àwọn òṣìṣẹ́ 40 léèrè: àwọ̀ kan ni ẹ fẹ́, àbí àwọ̀ mẹ́rin? Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ròyìn rẹ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀, àwọn ogójèèjì náà ló mú àwọ̀ mẹ́rin. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó gbè sẹ́yìn ọ̀gá. Bí Pac-Man ṣe di géèmù tó ní iwin pupa, iwin píǹkì, iwin àwọ̀ aró fẹ́ẹ́rẹ́ àti iwin àwọ̀ ọsàn nìyẹn.

Ọpẹ́lọpẹ́ pé Iwatani dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí àwọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Iwin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọra bí ìbejì: aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ kan náà, ojú ràgàjì méjì kan náà. Ìwà wọn ló yàtọ̀. Bí wọ́n bá fi jẹ́ aláwọ̀ kan, eléré kò ní mọ èyí tó ń lé e bọ̀ lẹ́yìn yàtọ̀ sí èyí tó ń lọ dènà dè é níwájú. Mo ti rí ọ̀pọ̀ géèmù tí wọ́n fi owó gọbọi ṣe láyé òde òní, tí àwọn ọ̀tá inú rẹ̀ ní ojú, ní ohùn, ní ìtàn ìgbésí ayé, síbẹ̀ tí ènìyàn kò lè sọ bí ìṣe ọ̀kan ṣe yàtọ̀ sí ti ìkejì. Àwọn iwin Iwatani kò sọ ọ̀rọ̀ kan rí, ẹni tó bá sì bá wọn ṣeré fún ọ̀sẹ̀ kan á mọ̀ wọ́n bí ẹni mọ ará ilé rẹ̀.

Ọdún 1955 ni wọ́n bí Iwatani. Ọdún 1977 ló wọ Namco, ẹ̀rọ pinball ló sì wù ú láti máa ṣe. Nígbà yẹn, ìbọn yínyìn ló kún inú ilé géèmù ní Jàpáànì. Space Invaders, tí ilé iṣẹ́ Taito gbé jáde ní 1978, ti gba ìgboro kan, ọkùnrin ló sì pọ̀ jù nídìí ẹ̀rọ. Iwatani fẹ́ géèmù tí àwọn obìnrin á fẹ́ ṣe, tí ọkùnrin àti olólùfẹ́ rẹ̀ lè jọ wọlé wá ṣe. Ó ro ohun tó lè pa gbogbo wọn pọ̀, ọkàn rẹ̀ sì lọ sórí oúnjẹ. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé píńsà tí wọ́n ti yọ ẹ̀là kan kúrò lára rẹ̀ ló fi àwòrán Pac-Man hàn án, ẹnu ràbàtà tó ń jẹ wóró kiri inú ọgbà kọ́lọkọ̀lọ tí àwọn iwin ti ń lé e. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ pé ìdajì òótọ́ ni. Nínú lẹ́tà tí àwọn ará Jàpáànì fi ń kọ “ẹnu”, tó jẹ́ onígun mẹ́rin, tí òun wá sọ di róbótó, ni ìdajì tó kù ti wá.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 1980, wọ́n gbé ẹ̀rọ náà sí àdúgbò Shibuya ní Tokyo láti fi dán an wò. Puck Man ni wọ́n pè é, láti inú “paku-paku”, ìró ẹnu tó ń ṣí tó ń pa dé nídìí oúnjẹ. Ilé iṣẹ́ Midway tó gbé e dé Amẹ́ríkà lọ́dún yẹn kan náà ló sọ ọ́ di Pac-Man, nítorí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé àwọn aláwàdà ìgboro á ha lẹ́tà P ara ẹ̀rọ náà di F.

Ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́ kéré púpọ̀. Ọpọlọ ẹ̀rọ náà ni Z80 ti ilé iṣẹ́ Zilog, tó ń sáré ní nǹkan bíi mẹgahẹ́ẹ̀tì 3. Gbogbo kóòdù tó ń darí géèmù náà, kílóbáìtì 16 péré ni. Fọ́tò kan ṣoṣo tí à ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Shigeo Funaki ló kọ kóòdù náà, ìnira ààyè tó fún pinpin yẹn sì wà nínú ohun gbogbo tí mo fẹ́ sọ wọ̀nyí. Kò sí ibi tí wọ́n lè kó ọgbọ́n àgbọ́njù sí. Òfin kúkúrú ni iwin kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fi gbé ìgbé ayé rẹ̀.

Ojú ẹ̀rọ náà fẹ̀ tó pixel 224, ó sì ga tó 288. Wọ́n pín in sí onígun mẹ́rin kéékèèké, pixel mẹ́jọ níbùú, mẹ́jọ lóròó. Ẹ jẹ́ kí n pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìṣísẹ̀. Nígbàkígbà, iwin kọ̀ọ̀kan ní ìṣísẹ̀ kan tó fojú sùn nínú ọgbà kọ́lọkọ̀lọ náà. Bó bá dé oríta, á wo ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀, á wọn ìṣísẹ̀ tó kàn lójú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sí ibi tó fojú sùn, ní ìlà tààrà bí ẹyẹ ṣe ń fò, á sì gba èyí tó bá súnmọ́ jù. Kì í ro ti oríta tó ń bọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Kò mọ̀ bóyá ògiri wà láàárín. Kò sì gbọdọ̀ ṣẹ́rí padà fúnra rẹ̀: ibi tó kọjú sí ló ń lọ, àfi bí géèmù fúnra rẹ̀ bá pàṣẹ pé kí gbogbo wọn yí padà. Òfin pé wọn kò gbọdọ̀ ṣẹ́rí padà yìí ló gba eléré là jù lọ. Nítorí rẹ̀ ni ẹni tó wà lẹ́yìn iwin fi lè fọkàn balẹ̀ díẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ eléré kì í fura sí. Kí iwin tó yà ní oríta ni ojú rẹ̀ ti máa ń yí sí ọ̀nà tó fẹ́ gbà. Ojú ṣíwájú ara. Ẹni tó bá ń wo ojú wọn, tí kì í ṣe aṣọ wọn, ti mọ ibi tí wọ́n ń lọ kí wọ́n tó lọ.

Òfin ìrìn kan náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń tẹ̀ lé. Ibi tí kálukú fojú sùn ni ìwà wọn ti yà. Iwatani ti ṣàlàyé pé bí gbogbo wọn bá ń lépa Pac-Man bákan náà, wọ́n á kàn tò tẹ̀ lé ara wọn lẹ́yìn rẹ̀ ni, kò sì ní dùn. Àwọn ọdẹ tó ń ṣe ìgbẹ́ mọ èyí tipẹ́: bí gbogbo wọn bá jọ ń sáré tẹ̀ lé ẹran, ẹran á lọ, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa lé e bọ̀, kí ẹlòmíràn lúgọ sí ibi tó máa gbà jáde.

Blinky, iwin pupa, ni alépa. Ìṣísẹ̀ tí Pac-Man wà lórí rẹ̀ gan-an ló fojú sùn. Òun ni ọmọdé kọ́kọ́ ń bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n wọ́n fi nǹkan kan kún tirẹ̀. Ní ìpele kìíní, bí wóró tó wà nílẹ̀ bá ku 20, ìrìn rẹ̀ á yá sí i. Bó bá ku 10, á tún yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí eléré bá ń rò pé iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ìgbà yẹn ni pupa máa gbóná. Kò sí ẹni tó sọ fún eléré. Ara rẹ̀ ni yóò fi mọ̀ ọ́n.

Pinky ni mo fẹ́ràn jù. Orúkọ ìwà tí wọ́n fún un ní èdè Jàpáànì ni Machibuse, ìyẹn ẹni tó ń ba níbùba. Kì í wá ibi tí Pac-Man wà. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin níwájú ẹnu Pac-Man ló fojú sùn, ìyẹn ni pé ó ń lọ sí ibi tí ẹ fẹ́ dé kí ẹ tó dé ibẹ̀. Blinky lé yín bọ̀ lẹ́yìn, ẹ sá wọ ọ̀nà gbọọrọ kan, Pinky ti yọ ní ìparí rẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n gbìmọ̀. Kò sí ìlà kóòdù kankan tó ní kí Pinky ran Blinky lọ́wọ́. Ẹni tó ń tọ ẹsẹ̀ ẹni àti ẹni tó ń ṣíwájú ẹni, bí wọ́n bá pàdé nínú ọ̀nà tóóró, ìgbìmọ̀ ni yóò jọ lójú ẹni tó há sáàárín. Ibí yìí ni iṣẹ́ ọwọ́ ti dé góńgó lójú tèmi: òfin méjì tí kò mọ ara wọn rí, tí wọ́n wá bí ọ̀tẹ̀.

Agbára Pinky ni àléébù rẹ̀ náà. Bí ó bá ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, tí kò jìn mọ́, ẹ má yà. Ẹ kọjú sí i. Níwọ̀n bí ìṣísẹ̀ mẹ́rin níwájú yín ti bọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ báyìí, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń fojú sùn, kò sì lè ṣẹ́rí padà. Bí oríta kan bá wà láàárín yín, níbẹ̀ ló máa yà kúrò lọ́nà fún yín. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á rò pé ẹ̀rù ló ba iwin. Àwọn eléré àtijọ́ mọ ọgbọ́n yìí dáadáa, wọ́n sì fi ń là á já ní ibi tí ẹlòmíràn á ti sá wọ inú pańpẹ́.

Inky, aláwọ̀ aró fẹ́ẹ́rẹ́, ló le jù láti yé ènìyàn. Kimagure ni ìwà tirẹ̀, ẹni tí ìṣe rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Wọ́n mú ìṣísẹ̀ méjì níwájú Pac-Man. Wọ́n fa ìlà láti ibi tí Blinky wà dé ibẹ̀. Wọ́n wá fa ìlà náà síwájú bó ṣe gùn tó tẹ́lẹ̀. Ìparí rẹ̀ ni Inky fojú sùn. Nítorí náà, bí Blinky bá jìnnà, Inky lè máa rìn kiri ní ìpẹ̀kun ọgbà bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn. Bí Blinky bá ti súnmọ́ yín, ìlà náà kúrú, Inky náà súnmọ́, láti òdìkejì. Ẹni tó bá ń wo Inky nìkan kò ní mọ ohun tó ń ṣe é láéláé. Blinky ló yẹ kó máa wò. Ẹ̀dá kan tí ẹ kò lè lóye àfi bí ẹ bá wo ọ̀rẹ́ rẹ̀, nínú ìṣirò tí kò ju ìfàlà méjì lọ! Ní gbogbo ìgbà tí mo bá tún ronú lé e, ó ń yà mí lẹ́nu.

Clyde, àwọ̀ ọsàn, ni Otoboke, ẹni tó ń díbọ́n bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Bó bá jìnnà sí Pac-Man ju ìṣísẹ̀ mẹ́jọ lọ, á máa bọ̀ tààrà bíi Blinky. Bó bá wọ inú ìṣísẹ̀ mẹ́jọ, á yà lọ sí igun tirẹ̀ nísàlẹ̀ lápá òsì. Bó bá tún jìnnà, á tún padà wá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é ní òmùgọ̀. Èmi kò gbà. Nínú àwọn mẹ́rin tó jọ ń lépa ènìyàn, ó yẹ kí ẹnì kan wà tí ènìyàn kò ní mọ bí yóò ṣe kà á sí, ẹni tó máa dí ọ̀nà láìmọ̀ọ́mọ̀ nígbà tó ń lọ sí igun rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ni Clyde ti gbà lọ́nà yẹn.

Ilé kékeré kan wà láàárín ọgbà tí àwọn iwin ti ń jáde, ìjáde wọn náà sì ní ètò. Ní ìpele kìíní, Blinky ti wà níta, Pinky tẹ̀ lé e kíá, Inky dúró títí Pac-Man fi jẹ wóró 30, Clyde sì dúró de 60 mìíràn lẹ́yìn ìyẹn. Àjèjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ju owó ẹyọ sínú ẹ̀rọ kọ́kọ́ bá alépa àti abanibùba pàdé, kí ọ̀rọ̀ tó lọ́jú pọ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí àánú tó wà nínú iṣẹ́ yìí pẹ̀lú, nítorí pé òun ni àwọn tó ń ṣe àwòkọ géèmù náà máa ń gbàgbé. Iwatani gbà pé bí wọ́n bá ń lé ènìyàn láìdáwọ́ dúró, yóò sú u. Nítorí náà àwọn iwin máa ń sinmi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìpele kìíní, fún ìṣẹ́jú àáyá 7, kálukú wọn gba igun tirẹ̀ lọ. Wọ́n wá lépa fún 20. Wọ́n tún lọ fún 7, wọ́n lépa fún 20. Wọ́n lọ fún 5, wọ́n lépa fún 20. Wọ́n lọ fún 5 ìkẹyìn, lẹ́yìn ìyẹn kò sí ìsinmi mọ́. Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún kéré, ṣùgbọ́n ó tó fún ẹni tó ti há láti jáde. Ìgbà tí àṣẹ bá yí padà báyìí ni gbogbo wọn máa ń ṣẹ́rí lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n rí i bí àmì.

Ìrìn wọn náà ní òṣùwọ̀n. Bí a bá pe eré tó yá jù nínú géèmù náà ní 100, ní ìpele kìíní Pac-Man ń rìn ní 80, iwin ní 75. Pac-Man yá jù wọ́n lọ, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà tí kò sí wóró nìkan ni. Bó bá ń jẹun, ó ń dúró díẹ̀ lórí wóró kọ̀ọ̀kan, ìrìn rẹ̀ sì wá sílẹ̀ sí 71. Wóró kéékèèké 240 àti ńlá mẹ́rin ló wà nílẹ̀, gbogbo wọn ló sì gbọ́dọ̀ jẹ. Iṣẹ́ tó wá ṣe gan-an ló ń dá a dúró fún ọ̀tá. Ẹ wo bí nọ́ńbà mẹ́ta ṣe di ìpinnu ní gbogbo oríta: ṣé kí n gba ọ̀nà òfìfo kí n yè, àbí kí n gba ọ̀nà oúnjẹ kí n tẹ̀ síwájú? Nínú ihò ẹ̀gbẹ́ tó já sí òdìkejì, iwin lọ sílẹ̀ sí 40. Ní igun ọ̀nà, Pac-Man lè yà ní pixel díẹ̀ kó tó dé àárín oríta, iwin kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà igun kọ̀ọ̀kan ń ṣí i níwájú wọn. Bí ìpele ti ń gòkè, wọ́n ń gba àwọn àánú wọ̀nyí padà díẹ̀díẹ̀. Láti ìpele 21, iwin wà ní 95, Pac-Man ní 90. Igun ló kù fún un láti fi sá.

Ti wóró ńlá kò gba àlàyé púpọ̀: ó ń sọ iwin di aláwọ̀ aró, Pac-Man lè jẹ wọ́n fún máàkì 200, 400, 800, 1600, ojú nìkan lá sì padà sílé. Ní ìpele kìíní ìbẹ̀rù wọn gba ìṣẹ́jú àáyá 6. Láti ìpele 19 lọ, wọn kì í bẹ̀rù mọ́ rárá.

Láàárín ìpele, Iwatani fi eré kúkúrú sí i kí eléré lè mí. Lẹ́yìn ìpele kejì, Blinky lé Pac-Man kọjá, Pac-Man padà wá ní òmìrán, Blinky ń sá níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn ìpele karùn-ún, ìṣó há aṣọ Blinky, aṣọ sì ya. Lẹ́yìn ìkẹsàn-án, ó tún dé pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n ti lẹ̀, ó lé Pac-Man kọjá, ó sì padà wá pẹ̀lú aṣọ tó ń wọ́ nílẹ̀ àti ara níhòòhò. Eré aláìlọ́rọ̀ mẹ́ta yìí sọ ìtàn iwin kan, ó mú kí ènìyàn ṣàánú ọ̀tá tó ti pa á nígbà púpọ̀. Kílóbáìtì 16 ni wọ́n ti yọ ààyè fún èyí náà.

Púpọ̀ nínú òfin tí mo kọ sókè yìí, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn eléré fi mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ láìmọ̀ ọ́n lẹ́nu. Àwọn tó jókòó ti kóòdù náà ló tú u palẹ̀. Jamey Pittman kó gbogbo rẹ̀ jọ sínú ìwé gígùn kan tó pè ní The Pac-Man Dossier, tó gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2009, pẹ̀lú àtẹ ìrìn, àtẹ àkókò àti àwòrán ibi tí iwin kọ̀ọ̀kan fojú sùn. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni ìwé yẹn náà. Ó ṣàlàyé pé bí ìpele tuntun bá bẹ̀rẹ̀ tàbí bí Pac-Man bá kú, ohun tí ẹ̀rọ fi ń ṣẹ́ kèké fún iwin tí ẹ̀rù ń bà máa ń padà sí ipò àkọ́kọ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ọwọ́ eléré kò bá yàtọ̀, ìrìn iwin kò ní yàtọ̀, tí àwọn kan fi ń há gbogbo ọ̀nà ìpele kan sórí.

Don Hodges ní tirẹ̀ wo àṣìṣe inú kóòdù. Bí Pac-Man bá kọjú sókè, ìṣísẹ̀ mẹ́rin Pinky kì í wà lókè nìkan: ìṣirò náà ṣì, ó sì tún fi mẹ́rin kún un lápá òsì. Ó wo ìpele 256 pẹ̀lú, níbi tí nọ́ńbà ìpele ti kọjá ohun tí ààyè rẹ̀ lè gbà. Ìlà kóòdù tó ń ya àwọn èso tó ń fi ìpele hàn sísàlẹ̀ ojú ẹ̀rọ á sọ ìjánu nù, á sì fi lẹ́tà àti àwòrán rúdurùdu bo ìdajì ojú ẹ̀rọ lápá ọ̀tún. Wóró tó ṣeé jẹ níbẹ̀ kò tó láti parí ìpele, géèmù sì dópin. Ẹni tó bá jẹ ohun gbogbo tó ṣeé jẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ibẹ̀ láìkú, tó wá fi gbogbo ẹ̀mí rẹ̀ tó kù wá wóró mẹ́sàn-án tó fara pamọ́ nínú rúdurùdu yẹn, máàkì 3,333,360 ló máa ní. Ọdún 1999 ni wọ́n kọ́kọ́ kéde ẹni tó ṣe é. Hodges fi hàn bí wọ́n ṣe lè tún àṣìṣe méjèèjì ṣe. Mo ka àtúnṣe ti Pinky, mo sì gbà pé ó tọ̀nà, ṣùgbọ́n n kò ní fi sínú ẹ̀rọ mi. Ọ̀pọ̀ eléré ti fi àṣìṣe yẹn kọ́ bí wọ́n ṣe ń sá fún Pinky. Ó ti di ara ìwà rẹ̀.

Ó jọ pé Marcin Wichary rò bẹ́ẹ̀ náà. Nígbà tí Google sọ orúkọ ara rẹ̀ di ọgbà Pac-Man ní oṣù Karùn-ún 2010 fún ayẹyẹ ọgbọ̀n ọdún, òun ló kọ kóòdù rẹ̀, ó sì kó ìwà iwin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé pẹ̀lú àṣìṣe wọn. Géèmù náà ṣì wà ní ibi tí Google ń kó àwọn Doodle rẹ̀ àtijọ́, ìyẹn orúkọ rẹ̀ tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ báyẹn, sí, lọ́fẹ̀ẹ́, lórí fóònù pàápàá. Bí ẹ bá ṣí i, ẹ má kánjú jẹ wóró. Ẹ dúró de Clyde, kí ẹ jẹ́ kó súnmọ́ yín, kí ẹ sì wo ojú rẹ̀ kó tó yà.